Aṣọ Júdò Tí Bàbá Mi Rán

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tí kò bá wọ bàálù kò tíì rìnrìn àjò. Kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ. Láti Ọ̀fà wa dé Benin, owó kan náà la ń ná, kò sì sẹ́ni tó bi mí ní físà lọ́nà. Síbẹ̀, ọjọ́ tí mo dé Ekosodin, níbi tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ti ń háyà yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì, ni mo mọ̀ pé mo ti fi ilé sílẹ̀. Mo bá lánlọ́ọ̀dù mi lẹ́nu géètì, bàbá arúgbó onírùngbọ̀n funfun kan báyìí. Mo ṣe ohun tí wọ́n fi kọ́ mi láti kékeré: mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà mi kan yanrìn.

Bàbá náà fò sẹ́yìn. "Wetin drop?" ló wí. "You dey find something?"

Àwọn tó ń fọṣọ lẹ́bàá ẹ̀rọ omi bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti di Ngbati, bí wọ́n ṣe máa ń fi àwa ọmọ Yorùbá ṣẹ̀fẹ̀, n ò sì ní orúkọ mìíràn nínú kọ́ńpáùn yẹn títí mo fi kó jáde. Ó dùn mí, n ò ní purọ́. Ní Ọ̀fà, ìkíni mi làwọn ìyá fi ń bá ọmọ wọn wí: "Ṣé o ò rí ọmọ télọ̀ yẹn, bó ṣe ń kí èèyàn?" Ní Benin, àwàdà ni.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ra sítáàṣì, òkèlè ẹ̀gẹ́ àwọn ará ibẹ̀, mo rò pé ẹ̀bà ni. Mo bu òkèlè, ó sì ń fà tẹ̀lé ọwọ́ mi bíi gọ́ọ̀mù, kò já. Lónìí mò ń jẹ ẹ́, mo tún ń bèèrè àfikún. Lọ́jọ́ náà, omi lé sí mi lójú níwájú olóúnjẹ. Kì í ṣe nítorí oúnjẹ náà. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án tí n kò gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Nínú bọ́ọ̀sì ní Ugbowo ni mo ti wá gbọ́ ọ. Obìnrin kan ń bá ọmọbìnrin rẹ̀ wí níwájú mi: "Ṣé orí ẹ pé ṣá, Tóbi? Jókòó dáadáa!" Ọmọ náà dáhùn pé, "Mummy, leave me now, I no do anything." Ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀ dé, n ò sọ̀. Mo jókòó síbẹ̀ kí n lè gbọ́ tí yóò tún bá a wí. A ti fẹ́ẹ̀ dé òpin ìrìn àjò wọn kó tó wẹ̀yìn wò mí.

"Ṣé ọmọ Yorùbá ni ẹ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Bọ́ọ̀sì ni kò jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun Sunday ní Ikpoba Hill nìyẹn. Àǹtí ni mò ń pe obìnrin náà. Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé ni mò ń pe ọkọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ará Ìbàdàn. Iléeṣẹ́ rẹ̀ fún un láyè kó lọ kàwé sí i, ó sì ń jókòó sí kíláàsì yunifásítì ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, láàárín àwọn ọmọ tó lè bí. Ó fi ọdún méjì ṣáájú mi. Ó máa ń sọ pé, "Àbúrò, ilé ẹ nìyí." Mo gbà á gbọ́. Èmi ni mò ń fọ mọ́tò rẹ̀. Èmi ni mò ń to àga tí ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá bá ṣèpàdé ní ilé wọn. Ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀, á bá àgbà jẹun; mo mọ ọwọ́ wẹ̀.

Ọ̀sán gangan lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọkùnrin méjì dá mi dúró lójú ọ̀nà Ekosodin. Wọ́n gba ẹ̀rọ ìṣirò mi, wọ́n sì gbá mi létí kí n má bàa pariwo. Ìgbátí náà kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé mo pè wọ́n ní sà. "Ẹ jọ̀ọ́, sà." Bóyá mo tiẹ̀ dàgbà jù wọ́n lọ. Alẹ́ ò tíì lẹ́ tí mo fi pinnu pé màá kọ́ ìjà.

Mẹ́ta ni wọ́n ń kọ́ ní pápá ìṣeré wa: kàrátè, taikọ̀ńdó àti júdò. Mo fi ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tọ́ wọn wò, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Kàrátè ni mo kọ́kọ́ lọ. A ó tò ní ìlà, a ó máa fi ẹ̀ṣẹ́ gbá afẹ́fẹ́, a ó sì jọ máa bú ramúramù. N ò rí ohun tó burú nínú ẹ̀, àfi ìgbà tí mo padà sí kọ́ńpáùn tí ẹnì kan fa ìlẹ̀kùn yàrá mi dé lẹ́yìn ara rẹ̀, tó wá bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ irú ẹgbẹ́ òkùnkùn tí mo wọ̀. Lásìkò yẹn ní Ugbowo, ẹni tó bá ń kọ́ bí a ṣe ń luni, wọ́n á ti mọ ìdí. N ò lọ mọ́.

Mo bọ́ sí taikọ̀ńdó. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń jà níbẹ̀, olùkọ́ wọn sì ti hewú. Ó dúró níwájú mi, ó gbé tìmùtìmù kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ojú ara rẹ̀, ó ní kí n ta á nípàá. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, bí o bá fi ẹsẹ̀ dá àgbàlagbà kọjá lórí ẹní, wọ́n á ní kí o padà dá a sẹ́yìn. Kí n wá gbé ẹsẹ̀ sí ojú orí ewú! Ẹsẹ̀ mi gòkè dé ìbàdí rẹ̀, ó dúró.

"Kick am!" ló ń pariwo. "Na my head I say make you kick!"

"Ẹ má bínú, sà," ni mo wí, mo sì ta afẹ́fẹ́ nípàá.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, òun náà rẹ́rìn-ín. Mo kó bàtà mi.

Júdò ló kù. Ẹni méjì á kojú síra wọn lórí máàtì, wọ́n á tẹríba fún ara wọn, wọ́n á wá di ara wọn lẹ́wù mú. Kò sí ẹ̀ṣẹ́, kò sí ìpàá. Oṣù kan gbáko, bí èèyàn ṣe ń ṣubú láì fara pa nìkan ni wọ́n kọ́ mi. Mo wo ìtẹríba yẹn, mo ní, háà, eré tó mọ àgbà lágbà nìyí. Mo tún wo ọ̀ọ́kán, mo rí Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé nínú aṣọ funfun, ó ń juwọ́ sí mi. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún kìíní rẹ̀. Ojú ilé rèé, mo ní. Mo fi orúkọ sílẹ̀. Òpè ni mí.

Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn káàkiri nígbà náà. Lábẹ́ agboòrùn ẹnì kan tó ń gba owó ìpè ní ẹnu géètì yunifásítì ni mo ti máa ń pe ilé: màá pe Ìyá Sàídì, aládùúgbò wa, yóò ránṣẹ́ sí bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù, èmi yóò dúró, màá tún pè padà. Bàbá mi máa ń pariwo sínú fóònù bí ẹni pé Benin wà ní òdì kejì odò.

"Ìjà? Ṣé ìjà ni mo ní kí o lọ kọ́?"

"Júdò ni, bàbá. Wọ́n á di ara wọn lẹ́wù mú, ẹni tó bá fi ẹ̀yìn ẹnìkejì kanlẹ̀ ló borí."

Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí ìyá mi ti kú. "Ìjàkadì nìyẹn! Ọmọ Ọ̀fà lọ sí Benin lọ kọ́ ìjàkadì!"

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ọba wa pàápàá a máa bá ìjòyè rẹ̀ wọ ọ́ lọ́jọ́ ọdún. Bàbá mi jà nígbà èwe rẹ̀, kí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Oṣù méjì lẹ́yìn ìpè náà, dírẹ́bà kan gbé ẹrù dídì kan fún mi ní gáréèjì. Aṣọ júdò ni. Bàbá mi kò rí irú rẹ̀ rí. Ohun tí mo júwe fún un lórí fóònù ló fi gé e. Dríìlì funfun tó nípọn ni, ọrùn rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta. Òwú búlúù ló fi rán an láti ọrùn dé èjìká. Ó ní òwú funfun tó wà lọ́wọ́ òun kò le, òun sì mọ̀ pé ọrùn ni wọn yóò máa dì mú.

Kóòṣì wa, ọmọ Edo tí kì í rẹ́rìn-ín, fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn aṣọ náà. "Who sew this thing?"

"My papa."

"This cloth go bury all of us," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sùn, mo fi jí.

Osaze ló kọ́ mi ju Kóòṣì lọ. Ọmọ Benin gan-an ni, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ìwọ̀n ara wa sì dọ́gba. Àràárọ̀ la jọ ń wà lórí máàtì. Ó kọ́ mi bí mo ṣe lè yí ìdí mi sí abẹ́ èèyàn, kí n gbé e pọ̀n, kí n wá dà á síwájú. Àrùn kan ṣoṣo ló ń ṣe mí: bí mo bá ti gbé èèyàn ṣánlẹ̀, ẹnu mi á ti sọ pé "Pẹ̀lẹ́." Kì í ṣe pé mo rò ó. Bí ọmọ Yorùbá bá rí ẹni tó ṣubú, kí ló tún fẹ́ sọ?

"Ngbati, no dey beg me!" Osaze á ní. "Throw me, face front!"

Kóòṣì náà rí i. Lọ́jọ́ kan ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "That bow wey we dey bow, na for the mat. No be for the man. You hear?"

Mo ní mo gbọ́. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo gbé Osaze ṣánlẹ̀ tí ẹnu mi sì dákẹ́. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wo òrùlé, ó ń rẹ́rìn-ín. "E don do," ló wí. "Ngbati don born." Inú mi dùn débi pé ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Ekosodin. Àwọn tó gba ẹ̀rọ ìṣirò mi ìbá pàdé mi lọ́jọ́ náà!

Lọ́dún kejì mi, wọ́n ní ìdíje àwọn yunifásítì máa wáyé ní Ìlọrin, ẹnì kan ṣoṣo ni yóò sì lọ láti inú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ìlọrin! Ọ̀fà ò jìnnà síbẹ̀ rárá. Mo borí ẹni àkọ́kọ́. Mo borí Osaze, ó sì gbá mi mọ́ra. Ó wá ku Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, tó ń wá sí máàtì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí Kóòṣì yọ̀ǹda fún láti bá ẹni tó bá yege jà, nítorí pé ó pẹ́ nínú ẹgbẹ́. Mo sáré lọ sábẹ́ agboòrùn.

"Bàbá, ó ku ẹnì kan. Bí mo bá ti dá a, Ìlọrin ni mo ti máa jà."

"Màá wà níbẹ̀," ni bàbá mi wí. "Bó o pè mí o, bó ò pè mí o, màá wà níbẹ̀."

Sunday tó ṣáájú ìjà náà, Àǹtí se ìrẹsì àti mọ́ínmọ́ín. Tóbi wò mí, ó wo bàbá rẹ̀. "Uncle, na you and Daddy go fight? Uncle go throw Daddy!"

Àǹtí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a jẹun tán, ó ní kí n bá òun jáde síta, ibi tí mo ti ń fọ mọ́tò rẹ̀.

"Àbúrò mi, ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ìwọ ṣì wà ní ọdún kejì. Next time, ìwọ ni. Èmi ń parí lọ. Ṣé wàá jẹ́ kí àwọn ọmọdé yìí fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Lójú àwọn ará ibí?" Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. "N ò ní kóo ṣubú o. Mo kàn ní kóo rántí pé mo jù ẹ́ lọ ni."

"Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n, sà," ni mo wí. Mọ́ínmọ́ín rẹ̀ wà nínú mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, a tẹríba fún ara wa. Mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kò lágbára kankan. Mo yí ìdí mi sí abẹ́ rẹ̀ bí Osaze ṣe kọ́ mi. Ó ti wà lẹ́yìn mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kúrò nílẹ̀, nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ létí mi, jẹ́jẹ́: "Àbúrò."

Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni ń sọ agbọ̀n ẹyin kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ kanlẹ̀. Ọlọ́run ń gbọ́, mo tún sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

Kí n tó gbé orí, ó ti fi gbogbo agbára rẹ̀ gbá mi ṣánlẹ̀. Ẹ̀yìn mi ni mo fi balẹ̀.

Kóòṣì gbé ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n sókè nítorí pé òfin ni. Lẹ́yìn náà ló wá bá mi. "I see am. I no blind. You carry the man finish, you come put am down. Oya, go. Go dey greet people."

Ti Osaze ló burú jù. Ó ń ká aṣọ rẹ̀, kò wò mí. "So na me you fit throw," ló wí. "Me, you no tell me sorry." Kò bá mi wá sí máàtì láàárọ̀ mọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó lọ, Ẹ̀gbọ́n wá sí Ekosodin fúnra rẹ̀. Ó ní aṣọ òun ti ya lábíyá, ó ní tèmi le dáadáa, kí n yá òun. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ẹni tó ti gbé ọmọ fúnni, ṣé ọ̀já ló fẹ́ fi dù ú? Mo fọ aṣọ náà, mo lọ̀ ọ́, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Ó yẹ kí n pe ilé. Mo mọ̀ pé ó yẹ. Lójoojúmọ́ ni mò ń kọjá níwájú agboòrùn yẹn, mo sì ń sọ fún ara mi pé ó dọ̀la. Ojú ń tì mí. Mo tún ń tan ara mi jẹ pé bàbá mi ò ní lè fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ ìlérí bàbá rẹ̀ yé ni mí.

Àwọn tó lọ dé. Ẹ̀gbọ́n ò pẹ́ lórí máàtì, ìjà àkọ́kọ́ ni wọ́n ti dá a. "Orí ò bá wa ṣe é, àbúrò," ló wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí ti fọ aṣọ náà, ó ti ká a sínú ọ̀rá. Ìgbà yẹn ni mo tó lọ pe ilé.

Bàbá mi ò pariwo lórí fóònù lọ́jọ́ náà.

"Mo lọ sí Ìlọrin," ló wí. "Mo jókòó láti àárọ̀. Wọ́n ní àwọn ará Benin ń bọ̀. Mo rí òwú mi. Níbi tí mo jókòó sí lókè lọ́hùn-ún, mo rí òwú búlúù mi lọ́rùn ẹni tó ń wọlé. Mo dìde. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kì ọ́. Gbogbo èèyàn ń wò mí. Ẹni náà yíjú, kì í ṣe ìwọ. Wọ́n ti gbé e ṣánlẹ̀ kí n tó jókòó."

Mo tẹ fóònù mọ́ etí mi.

"Ṣé ara rẹ ò yá ni?"

"Ara mi yá, bàbá."

"Ṣé ó dá ọ ni?"

"Rárá, sà. Àgbà ni. Ó ní kí n rántí pé òun jù mí lọ."

Mo ń retí kó sọ pé mo ṣe dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ń retí rẹ̀. Òun ló kọ́ mi. Mo gbọ́ tí Ìyá Sàídì ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìdọ̀bálẹ̀," ni bàbá mi wí nígbẹ̀yìn. "Ẹnu ọ̀nà la ti ń ṣe é, àti nínú ilé. Ta ló sọ fún ọ pé a máa ń ṣe é nínú ìjàkadì?" Ó wá ní, "Fi aṣọ mi ránṣẹ́ sí mi."

Aṣọ mi, ló wí. Kò pè é ní aṣọ rẹ.

Àsìkò mìíràn tí Ẹ̀gbọ́n ṣèlérí ò dé. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ gba ọdún tó tẹ̀ lé e, Kóòṣì sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n gba ìwé ẹ̀rí, ìjọba gbé e lọ sí Abuja, n ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà, àwọn àgbà wí bẹ́ẹ̀. Wọn ò sọ ohun tó yẹ ká ṣe bó bá jẹ́ pé ará ilé ẹni ló sọ òkò. Ọmọ Edo méjì ló fẹ́ sọ mí di ọkùnrin ní Benin, wọn ò mọ ìlú mi, wọn ò mọ orúkọ mi dáadáa. Mo já wọn jù sílẹ̀ nítorí ẹni tó ń pè mí ní àbúrò. Mo ṣì ń gbé ìlú yìí. Wọ́n ṣì ń pè mí ní Ngbati, n kì í bínú sí i mọ́. Ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ni n kì í lọ.

Nígbà tí mo lọ sílé lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, bàbá mi jẹ́ ìkíni mi, ó bi mí nípa ẹ̀kọ́ mi, kò dárúkọ Ìlọrin. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ júdò náà wà lórí tábìlì tó ti ń lọ aṣọ àwọn oníbàárà, ó ti ká a pọ̀, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ àwọn aṣọ tó ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀. Iná ti jó o lójú méjì, ó ti pọ́n. Mo fi ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Òwú búlúù náà ò tíì tú níbì kankan.